Ta Ló Bẹ Rísí? Ohun Tí Ìtàn Sẹ̀gi Tó Sọnù Kọ́ Mi

Mò ń kọ ìwé ìtàn kan lọ́wọ́ fún àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún mẹ́jọ sí méjìlá. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni. Sẹ̀gi, ìlẹ̀kẹ̀ búlúù àtayébáyé, tó jẹ́ ti ìyá àgbà kan pòórá nínú agboolé kan ní Ìrémọ, nílùú Ilé-Ifẹ̀, nígbà tí ìgbéyàwó ọmọ-ọmọ rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn ọmọ ilé méjì, Àdùkẹ́ àti Káyọ̀dé àbúrò rẹ̀, ló wá ìdí ọ̀rọ̀ náà dé gbòǹgbò. Lọ́sàn-án Sátidé ni mo máa ń kà á fún àwọn ọmọ àdúgbò wa, orí kan lẹ́yìn òmíràn, bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ìtàn báyìí á rò pé ohun tí àwọn ọmọ ń dúró láti gbọ́ kò ju "Ta ló jí i?" lọ. Wọ́n ń dúró de ìyẹn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn wà tó ká wọn lára jù ú lọ, òun ló sì pinnu bí ìwé náà ṣe máa parí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa sẹ̀gi náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí mo sọ èrò mi fún ló ní kí n fi góòlù ṣe é, pé góòlù ni àwọn ọmọ mọ̀. Mi ò gbà. Góòlù, orí ìwọ̀n ni wọ́n ti ń mọ iye rẹ̀. Bó bá sọnù, tówó bá wà, ẹni tó ni ín á ra òmíràn. Sẹ̀gi ìdílé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyá kan wọ̀ ọ́ relé ọkọ, ó bọ́ ọ fún ọmọ, ọmọ bọ́ ọ fún ọmọ tirẹ̀, òwú já, wọ́n tún un sín, ìlẹ̀kẹ̀ náà ni ìlẹ̀kẹ̀ náà. Bó bá pòórá, ọ̀wọ́ àwọn ìyá yẹn ló gé. Ọmọ ọdún mẹ́jọ mọ èyí láìjẹ́ pé mo ṣàlàyé gbọọrọ fún un, torí ó ti rí bí ìyá rẹ̀ àgbà ṣe ń di tirẹ̀ sínú aṣọ, tó ń ki aṣọ náà sínú agolo, tó ń gbé agolo náà sísàlẹ̀ àpótí.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, ilẹ̀ tí à ń tẹ̀ ní Ifẹ̀ yìí kún fún ìlẹ̀kẹ̀. Ní Igbó Olókun, ní apá àríwá ìlú, àwọn awalẹ̀pìtàn tí Ọ̀mọ̀wé Abídèmí Babátúndé Babalọlá ṣáájú wọn hú ìlẹ̀kẹ̀ dígí tó lé ní 12,000 jáde, pẹ̀lú àfọ́kù àwọn ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ dígí. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fi hàn pé láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni iṣẹ́ náà gbilẹ̀ níbẹ̀ jù, àti pé bí wọ́n ṣe po dígí náà yàtọ̀ sí ti àwọn ìlú òkèèrè. Àwọn baba ńlá wa kò dúró de ẹnikẹ́ni kó wá kọ́ wọn. Ìlẹ̀kẹ̀ irú dígí yìí ti rin ìrìn àjò dé Gao ní ilẹ̀ Mali. Inú mi máa ń dùn gan-an tí mo bá ń sọ èyí fún àwọn ọmọ, mo sì fi í sínú ìwé láti ẹnu olùkọ́ Àdùkẹ́ nílé-ẹ̀kọ́. Kò gba ju ojú ìwé kan lọ. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìta.

Inú ìlẹ̀kẹ̀ fúnra rẹ̀ ni mo ti rí kọ́kọ́rọ́ ìtàn náà. Irú sẹ̀gi kan wà tó jẹ́ pé búlúù ni bó bá wà lọ́rùn, ṣùgbọ́n tí o bá gbé e sókè kí ìmọ́lẹ̀ oòrùn gba inú rẹ̀ kọjá, ó di àwọ̀ ewé tó fẹ́ jọ yẹ́lò. Ìlẹ̀kẹ̀ dígí lásán tí wọ́n ń tà lọ́jà lónìí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Búlúù ló wà nílẹ̀, búlúù ló wà lókè. Nítorí náà, ní orí kejì, kí ohunkóhun tó sọnù, Ìyá Àgbà ń sá aṣọ òkè rẹ̀ sóòrùn, ó sì pe àwọn ọmọ pé kí wọ́n wá wo idán. Ó gbé sẹ̀gi sókè. Káyọ̀dé pariwo. Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín, ó kó o padà sínú agolo, ọ̀rọ̀ sì yí sí jíjẹ àti mímu ọjọ́ ìgbéyàwó. Gbogbo ohun tí ọmọ tó ń kà á nílò láti mọ òtítọ́ ti wà lójú rẹ̀ níbẹ̀.

Mo kà á léèmọ̀ tí òǹkọ̀wé bá fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún ọmọdé títí dé òpin, tó wá yọ ẹnì kan tí a kò rí rí jáde pé òun ló jí i. Kò dáa. Ọmọ tó fọkàn bá ọ lọ láti ojú ìwé kìíní ní ẹ̀tọ́ láti lè mọ̀ ọ́n kó o tó sọ ọ́.

Fífi ayédèrú pààrọ̀ ojúlówó kò sì jìnnà sí ọmọ Ifẹ̀. Ní 1910, ọmọ Jámánì kan, Leo Frobenius, wá síbí, ó sì rí orí idẹ tí gbogbo wa mọ̀ sí Orí Olókun. Ó fẹ́ gbé e lọ. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní kó dá a padà. Nígbà tó di 1949, àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ọnà Gẹ̀ẹ́sì méjì, William Fagg àti Leon Underwood, kọ ọ́ sílẹ̀ pé orí tó wà ní Ifẹ̀ kì í ṣe ojúlówó, pé àdàkọ ni. Àríyànjiyàn lórí rẹ̀ kò tán síbẹ̀. Mo sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ nígbà tí a lọ wo ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin. Ọmọkùnrin kan kò béèrè ẹni tó pààrọ̀ rẹ̀. Ohun tó béèrè ni pé, "Ọdún tó pọ̀ tó yẹn, ṣé kò sí ẹni tó wò ó dáadáa ni?" Ìbéèrè yẹn wọ inú ìwé mi lọ tààrà. Nínú ìtàn, wọ́n "rí" sẹ̀gi náà padà lọ́jọ́ kẹta, gbogbo ilé ń yọ̀, wọ́n sì gbé e fún Ìyá Àgbà. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú, kò ríran dáadáa mọ́. Ó fọwọ́ pa á, ó ní, "Ọwọ́ mi ò gbà á." Wọ́n ní ọjọ́ ogbó ló ń dà á láàmú. Àdùkẹ́ nìkan ló gbé e jáde sóòrùn.

Níbo ni wọ́n ti rí i? Lábẹ́ ẹní Rísí ni. Rísí ni ọmọbìnrin ọdún méjìlá tí wọ́n mú wá láti abúlé kan lẹ́yìn Ìfẹ́tẹ̀dó kó wá máa bá Ìyá Káyọ̀dé ṣiṣẹ́ ilé, kó sì máa lọ sílé-ẹ̀kọ́. Mo máa padà sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ohun tó gba ìrònú mi jù ni bí ọmọdé ṣe lè wádìí ọ̀rọ̀ nílé Yorùbá. Nínú àwọn ìwé tó ń ti òkè òkun wá, ọmọ ọdún mẹ́wàá lè dúró síwájú àgbàlagbà kó ní, "Níbo lo wà ní agogo mẹ́jọ alẹ́ àná?" Àgbàlagbà náà á sì dá a lóhùn. Kí Àdùkẹ́ dán irú ẹ̀ wò pẹ̀lú Bọ̀dá Gbọ́lá, àbúrò bàbá rẹ̀, ìtàn ti parí nìyẹn: "Èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Ta ló kọ́ ẹ ní àfojúdi?" Ọmọ á kúnlẹ̀, á tọrọ àforíjì, sẹ̀gi á sì wà níbi tó wà.

Ṣùgbọ́n agbára ọmọ nínú agboolé pọ̀. Ọmọ ni wọ́n ń rán níṣẹ́. Òun ló ń lọ ra búrẹ́dì, òun ló ń gba ṣéńjì, òun ló ń gbé omi fún àlejò, òun ló mọ ẹni tó wá nígbà tí bàbá kò sí nílé. Àwọn àgbà a máa sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Mo wá kọ àkọsílẹ̀ gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ń rán ọmọ láti àárọ̀ dé alẹ́ ní àdúgbò wa, mo sì rí i pé ìwádìí ọlọ́pàá kò lè wọ ibi tí iṣẹ́ ìránni ń wọ̀.

Bí Àdùkẹ́ ṣe rí ohun àkọ́kọ́ nìyẹn. Wọ́n rán an ní búrẹ́dì. Ìyá oníbúrẹ́dì ní, "Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ bọ̀dá yín o, wọ́n ti san gbogbo gbèsè wọn." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ tó ń gbọ́ ti mọ̀ láti orí kẹta pé tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ti fa owó Bọ̀dá Gbọ́lá tán, pé ó ti ń yáwó kiri. Bí mo ṣe kà á, mo rí i tí méjì nínú wọn wo ara wọn lójú.

Ohun kejì, ọ̀dọ̀ ìyá tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀ ní ọjà ló ti wá. Àdùkẹ́ kò béèrè ohunkóhun. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ọrọ̀ ajé, mà, ẹ kú ìjókòó." Ó jókòó tì í, ó ń bá a ṣa ìlẹ̀kẹ̀ tó dà sílẹ̀, ó ń ya búlúù sọ́tọ̀, ó ń ya pupa sọ́tọ̀. Ọmọ tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ á bá àgbà jẹun. Nígbà tó yá, ìyá náà fúnra rẹ̀ ló ń ròyìn ọjà fún un. Ó ní ọkùnrin kan wá ra ìlẹ̀kẹ̀ búlúù lọ́wọ́ òun, pé kò ná ọjà rárá, iye tí òun dá lé e náà ló san. Ẹ̀rín gbọ̀n mí nígbà tí mo kà á dé ibẹ̀, torí gbogbo àwọn ọmọ ló sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ta ló ń ra ọjà láì ná an? Ẹni tó ń kánjú ni. Ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n ranti ojú òun ni. Ọmọbìnrin kan ní, "Ẹni tí kì í ṣe ara rẹ̀ ló ń rà á fún ni." Mi ò tíì ronú dé ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ babaláwo náà wà níbẹ̀. Òkè Ìtasẹ̀, ojúbọ Ifá, wà nílùú wa. Mi ò lè kọ ìtàn ohun tó sọnù nínú agboolé Ifẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kí wọ́n lọ dá Ifá. Mi ò fẹ́ fi Ifá ṣẹ̀sín, mi ò sì fẹ́ kí Ifá bá àwọn ọmọ ṣe iṣẹ́ wọn. Nínú ìwé náà, babaláwo dá Ifá, ó ní kí wọ́n fara balẹ̀, kí wọ́n má ba orúkọ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́, kí wọ́n wo ẹni tó ń wọlé tó ń jáde. Ìyá Káyọ̀dé ń fẹ́ orúkọ. Baba kò dá orúkọ kankan. Ìyá Káyọ̀dé kò fara balẹ̀.

Ti àmì ohùn àti àwòrán, mi ò ní fi pẹ́. Fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka Yorùbá, ẹ fi àmì sí gbogbo rẹ̀, ẹ má dín in kù. Àwòrán ilé kí ó jẹ́ ti agboolé tó ní àgbàlá, kí ọmọ lè fi ìka tọ́ ibi tí ẹní Rísí wà àti ojú fèrèsé tí Bọ̀dá Gbọ́lá gbà wọlé.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ Rísí. Nígbà tí wọ́n rí ìlẹ̀kẹ̀ lábẹ́ ẹní rẹ̀, Ìyá Káyọ̀dé tú ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ ní àgbàlá, níṣojú gbogbo aráalé àti àwọn ará ilé kejì. Aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, ìwé rẹ̀, bàtà tí màmá rẹ̀ rà fún un, gbogbo rẹ̀ wà nílẹ̀. Wọ́n pè é ní olè. Wọ́n ní lọ́la ló máa padà sí abúlé. Mo kà á fún àwọn ọmọ, lẹ́yìn náà mo ka bí Àdùkẹ́ ṣe gbé ìlẹ̀kẹ̀ náà sóòrùn tí àwọ̀ rẹ̀ kò yí, bí wọ́n ṣe mọ̀ pé ayédèrú ni, bí Bọ̀dá Gbọ́lá ṣe jẹ́wọ́ fún bàbá wọn pé òun ti ta ojúlówó fún ẹnì kan tó ń ra ohun àtijọ́, pé òun ló fi èkejì sábẹ́ ẹní kí wíwá lè dáwọ́ dúró. Orí yẹn ni mo kọ dé nígbà náà. Mo pa ìwé dé. Mo ń retí pé kí wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ọmọbìnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ ló béèrè: "Ànti, ta ló bẹ Rísí?"

Gbogbo wọn dá sí i. Ẹnì kan ní wọn ò ní bẹ̀ ẹ́, pé wọ́n á kàn ní kó lọ fọ abọ́. Òmíràn ní wọ́n á fún un lówó ọkọ̀ kó máa lọ. Kò sí èyí tó bi mí léèrè bóyá wọ́n rí sẹ̀gi gidi gbà padà. Ó yé mi ìdí rẹ̀. Kò sí ilé tó pọ̀ ní àdúgbò wa tí kò sí ọmọ ẹlòmíràn tó ń gbébẹ̀, ọmọ àbúrò, ọmọ ará abúlé, ọmọ ẹni tó kú. Nǹkan á sọnù, owó orí tábìlì á dín, ẹran inú ìkòkò á dín, ojú gbogbo ilé á sì yí sọ́dọ̀ ọmọ kan ṣoṣo yẹn. Àwọn tó ń gbọ́ mi mọ̀ ọ́n. Díẹ̀ nínú wọn ni ọmọ náà gan-an. Lójú wọn, ohun tó sọnù nínú ìtàn mi kì í ṣe sẹ̀gi mọ́.

Ọ̀rọ̀ náà wá dórí bí àgbàlagbà Yorùbá ṣe ń bẹ ọmọdé. Mo bi àwọn ìyá tó wà láyìíká mi, a sì sọ ọ́ pẹ́. Ọ̀pọ̀ ní àgbà kì í bẹ ọmọ ní tààrà, á fi ẹran tó tóbi sí oúnjẹ rẹ̀, á pè é ní ìrọ̀lẹ́, á ní, "Ṣé o ti jẹun?" Ọmọ náà á mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ nìyẹn. Ìyá kan ní aṣọ ni òun máa ń rà. Òmíràn ní òun máa ń gbàdúrà fún ọmọ náà lójú gbogbo ilé, ìyẹn sì ti tó. Mo bọ̀wọ̀ fún gbogbo èyí, torí a ti fi wọ́n tọ́ èmi náà, mo sì mọ bí ẹran ńlá inú ọbẹ̀ yẹn ṣe máa ń rọ ọmọ lọ́kàn.

Mo gbé gbogbo rẹ̀ wá fún àwọn ọmọ lọ́jọ́ Sátidé kejì. Wọn ò gbà á. Ọmọkùnrin kan ní, "Ẹran kọ́ ni wọ́n fi bú u. Ẹnu ni wọ́n fi bú u." Òmíràn ní níta gbangba ni wọ́n ti tú ẹrù rẹ̀, níta gbangba ni kí wọ́n ti bẹ̀ ẹ́. Mo wá ọ̀rọ̀ tí mo lè fi ta kò wọ́n, mi ò rí.

Bí mo ṣe kọ ọ́ nìyí. Ìyá Àgbà ránṣẹ́ sí àwọn òbí Rísí ní abúlé. Ó ní kí gbogbo ilé jókòó sí àgbàlá, ní ibi tí wọ́n ti tú ẹrù náà gan-an, kí wọ́n pe àwọn ará ilé kejì tó wòran pẹ̀lú. Ó bi ìyá Rísí pé, "Kí loríkì ọmọ yìí?" Ìyá Rísí ní Àbẹ̀kẹ́. Kò sí ẹnì kankan nínú ilé náà tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ọdún méjì ló ti ń gbọnlẹ̀ fún wọn. Ìyá Káyọ̀dé dìde. Ó kọ́kọ́ fẹ́ bá àwọn òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀, Ìyá Àgbà sì ní kó kọjú sí ọmọ. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, mo pè ọ́ ní olè, o ò jalè. Mo ṣẹ̀ ọ́. Má bínú." Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀ fún àwọn òbí rẹ̀.

Bọ̀dá Gbọ́lá ta ọ̀kadà rẹ̀ kí wọ́n lè lọ ra sẹ̀gi náà padà, àwọn ọmọ sì ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ìpínrọ̀ kan péré ni mo fi ìyẹn sí.

Ìdáhùn Rísí ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Díẹ̀ nínú wọn fẹ́ kó dúró torí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà ní Ifẹ̀. Díẹ̀ fẹ́ kó bá màmá rẹ̀ lọ lójú ẹsẹ̀. Mo jẹ́ kí ó dáhùn bí ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ṣe máa dáhùn, "Mo ti gbọ́, mà," kó sì tọrọ ààyè láti bá màmá rẹ̀ lọ títí ilé-ẹ̀kọ́ á fi wọlé. Bàbá Káyọ̀dé ní òun á máa san owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, ì báà wá, ì báà má wá.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń bá mi ṣàtúnṣe ìwé náà ní kí n gé orí yìí kúrò, tàbí kí n sọ ọ́ di ojú ìwé méjì, pé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ máa ń parí níbi tí wọ́n bá ti mú olè. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún gbogbo ohun tó kù tó tún ṣe. Orí yẹn ló gùn jù nínú ìwé, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe máa gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́.